Kí ni ẹ̀rọ kà, kí ni ó wọ̀n? Àríwísí lórí èdè ìwé ìtọ́nà QAT nínú Linux

Ìwé tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí kò gùn. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà lè kà á tán kí ẹ̀kọ gbígbóná tó tutù. Orúkọ fáìlì rẹ̀ ni debugfs-driver-qat_telemetry. Inú àpò Documentation/ABI/testing ni ó wà láàárín àwọn fáìlì orísun Linux, ó sì bá kernel 6.8 wọlé ní oṣù kẹta ọdún 2024. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ṣàlàyé àwọn nọ́ńbà tí ẹ̀rọ amúṣẹ́yá QAT ti ilé iṣẹ́ Intel ń sọ nípa ara rẹ̀ fún ẹni tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà. Èrò mi ni pé ó dára ju ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, àti pé ibi tí ó ti kù díẹ̀ káàtó, ọ̀rọ̀ èdè ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e wá síwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá èdè dípò kí n gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà.

Kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. QAT, tí orúkọ rẹ̀ ní kíkún ń jẹ́ QuickAssist Technology, jẹ́ ẹ̀rọ tí ó ń gba iṣẹ́ wúwo lọ́wọ́ sípíyù: fífún dátà pọ̀, títú u padà, sísọ ọ̀rọ̀ di àṣírí, àti ìṣirò àwọn kọ́kọ́rọ́ ńláńlá tí kọ̀ǹpútà méjì fi ń dá ara wọn mọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Inú rẹ̀ pín sí ẹ̀ka ẹ̀ka, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní slice, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan sì ní iṣẹ́ tirẹ̀: cpr ń fún dátà pọ̀, dcpr ń tú u, pke wà fún ìṣirò kọ́kọ́rọ́ gbangba, cph àti ath wà fún àṣírí àti ìjẹ́rìísí. Driver ni ètò tí ó dúró bí ògbufọ̀ láàárín ẹ̀rọ yìí àti Linux. Bí alákòóso bá kọ 1 sínú fáìlì control, driver á bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìròyìn lọ́dọ̀ ẹ̀rọ. Bí ó bá kọ 0, ó dáwọ́ dúró. Nínú fáìlì kejì, device_data, ni a ti ń ka ìròyìn náà ní ìlà ìlà, orúkọ ṣáájú, nọ́ńbà tẹ̀ lé e.

Ẹni tó ń ka fáìlì yẹn kò rí ẹ̀rọ. Orúkọ àti nọ́ńbà nìkan ni ó rí. Ká ní iṣẹ́ ń falẹ̀ ní ibi tí wọ́n ti ń lo ẹ̀rọ yìí, wọ́n sì bi alákòóso pé: ṣé ẹ̀rọ kò tó ni, kí a lọ ra òmíràn, àbí èyí tó wà nílẹ̀ ni ó jókòó tí ó ń retí dátà láti inú mẹ́mọ́rì? Ìdáhùn rẹ̀ dúró lórí bí ó ṣe lóye util_cpr0 àti rd_lat_acc_avg. Bí ó bá ṣi orúkọ kan túmọ̀, wọ́n á ra ohun tí wọn kò nílò, iṣẹ́ á sì máa falẹ̀ bí ó ti ń falẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ dá mi dúró ni counter. Ìwé náà sọ pé àwọn counter ẹ̀rọ ni òun ń ròyìn. Ó dáa; kí a wo ohun tí ó kó sábẹ́ orúkọ yẹn. exec_cpr0 ni iye ìgbà tí ẹ̀ka ìfúnpọ̀ àkọ́kọ́ ti ṣiṣẹ́: kíkà ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n rd_lat_acc_avg jẹ́ ìpíndọ́gba àkókò tí ẹ̀rọ fi ń dúró kí dátà tó béèrè tó dé, ní nanosẹ́kọ́ńdì. util_cpr0 jẹ́ ìdá nínú ọgọ́rùn-ún. bw_in sọ bí dátà ṣe ń ṣàn tó, ní Mbps. at_max_tlb_used sọ ibi gíga jù tí ìlò tábìlì kékeré kan dé. Nínú nǹkan márùn-ún yìí, ọ̀kan péré ni ẹnikẹ́ni kà. Àwọn mẹ́rin yòókù, wọ́n wọ̀n wọ́n ni, tàbí wọ́n pín wọn, tàbí wọ́n fi wọ́n wé ara wọn kí a tó rí nọ́ńbà tí a ń rí.

Ẹnìkan lè sọ pé mo ń wá ẹran lẹ́yìn eékánná, pé kò sẹ́ni tí ọ̀rọ̀ kan bẹ́ẹ̀ lè ṣì lọ́nà. Àwọn tó kọ Linux fúnra wọn kò gbà bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2009, kernel 2.6.31 jáde pẹ̀lú ètò ìwọnṣẹ́ tuntun kan tí wọ́n pè ní Performance Counters. Kí 2.6.32 tó jáde, Ingo Molnar ti yí orúkọ rẹ̀ padà sí Performance Events jákèjádò orísun Linux, débi pé perf_counter_open, ẹnu ọ̀nà tí ètò mìíràn ń gbà wọlé sí i, di perf_event_open. Ìdí rẹ̀ ni pé ètò náà ti ju kíkà lọ: ó ti ń ṣe àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀, ó ń tọpa wọn, ó sì ń tú wọn wò. Orúkọ àtijọ́ ti fún un lọ́rùn. Ìyípadà yẹn kò rọrùn, nítorí ó kan fáìlì púpọ̀, síbẹ̀ wọ́n ṣe é. Ó jẹ́ ìyàlẹ́nu fún mi pé lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìwé kan láti inú ilé kan náà tún padà sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti bọ́ sílẹ̀.

Àwa tí a ń fi Faransé kẹ́kọ̀ọ́ kò sàn jù wọ́n lọ. Compteur ni a ń pe ẹ̀rọ iná mọ̀nàmọ́ná tó wà lára ògiri ilé, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ kì í padà sẹ́yìn láti ọjọ́ tí wọ́n ti kàn án mọ́bẹ̀. Compteur náà ni a ń pe ti iwájú mọ́tò, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gòkè tí ó ń sọ̀kalẹ̀ bí awakọ̀ bá ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ọ̀kan ń sọ àpapọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, èkejì ń sọ ti ìsinsìnyí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi compteur túmọ̀ counter nínú ìwé QAT ti gbé àìdájú kan kúrò, ó sì ti gbé òmíràn wọlé. Bẹ́ẹ̀ sì ni àìdájú yìí kì í ṣe eré: àlàyé tí ìwé ṣe sí ìlà exec_cpr kò ju pé ó jẹ́ iye ìgbà tí ẹ̀ka náà ṣiṣẹ́. Láti ìgbà wo? Láti ìgbà tí a kọ 1 sínú control ni, àbí láti ìgbà tí a gba ìròyìn kẹ́yìn? Ti ògiri ni, àbí ti mọ́tò? Ìlà náà dákẹ́.

Níbí ni mo rò pé Yorùbá ní ohun kan láti fi kọ́ni, mi ò sì sọ èyí láti fi èdè wa yangàn. Yorùbá kì í jẹ́ kí a béèrè iye lọ́nà kan ṣoṣo. Bí ó bá jẹ́ nǹkan, a ó béèrè pé mélòó. Bí ó bá jẹ́ ìgbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀, ẹ̀ẹ̀melòó ni. Bí ó bá jẹ́ ipò, ìkelòó. Bí ó bá jẹ́ owó, èló. Àkókò kò bá èyíkéyìí nínú wọn lọ bí a kò bá kọ́kọ́ dárúkọ ohun tí a fi ń wọ̀n ọ́n, ìṣẹ́jú mélòó, ọjọ́ mélòó. Bí a kò bá fẹ́ dárúkọ rẹ̀, à ní láti bi í pé báwo ni ó ti pẹ́ tó. Àwọn nọ́ńbà tí a fi ń dáhùn náà yàtọ̀: èjì fún orúkọ nọ́ńbà gan-an, méjì fún nǹkan, ẹ̀ẹ̀mejì fún ìgbà, ìkejì fún ipò. Ọmọ ọdún márùn-ún ní Kétu kì í ṣì wọ́n lò.

Nítorí náà mo mú ìlà device_data lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì wá ọ̀rọ̀ ìbéèrè tí nọ́ńbà rẹ̀ ń dáhùn. pci_trans_cnt: mélòó. exec_cpr0: ẹ̀ẹ̀melòó. rd_lat_acc_avg: báwo ni ó ti pẹ́ tó, ní ìpíndọ́gba. util_cpr0: ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún àkókò. Ìlà tí a bá rí ìbéèrè rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ jẹ́ ìlà tí a kọ dáadáa. Ìlà tí a kò bá rí ìbéèrè rẹ̀, tàbí tí ìbéèrè méjì bá ń dù ú, ibẹ̀ ni ìṣòro wà. Ìdánwò yìí kò nílò ìmọ̀ ẹ̀rọ, akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì lè ṣe é.

Ohun tí ìdánwò náà kọ́kọ́ fi hàn jẹ́ ìyìn fún ìwé. Fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, orúkọ méjì ni ó wà, util àti exec, ìwé kò sì da àwọn méjèèjì pọ̀. Ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ ni ó ń fi ẹyọ nọ́ńbà kan sọ pé ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kí ẹni tó ń wò ó sì máa rò ó fúnra rẹ̀. Ẹ wo aránṣọ méjì ní ọjà Àjàṣẹ́. Ọ̀kan fi ọjọ́ gbáko rán agbádá ẹyọ kan. Ọwọ́ rẹ̀ dí láti òwúrọ̀ di alẹ́, ìyẹn ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde kò ju ọ̀kan lọ. Èkejì rán fìlà ogún, ó sì tún fi ìdajì ọjọ́ ṣeré. Ta ni kí a gbé iṣẹ́ ọ̀la fún? Ẹni tó bá wo util nìkan á gbé e fún èkejì. Ẹni tó bá wo exec nìkan á rò pé aláìṣiṣẹ́ ni èkíní. Èdè wa gan-an ti pín in: ń fún ohun tó ń lọ lọ́wọ́, ti fún ohun tó ti parí. util wà níhà ń, exec wà níhà ti. Ẹni tó sọ wọ́n lórúkọ bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí ó ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ get to put náà wù mí. Ó jẹ́ àkókò tó wà láàárín ìgbà tí ẹ̀rọ mú iṣẹ́ àti ìgbà tí ó gbé èsì sílẹ̀. Mú, gbé sílẹ̀: ọ̀rọ̀ ìṣe méjì tí ọmọdé mọ̀, kò sí orúkọ ńlá kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wàhálà wà nínú max_gp_lat, tí ó yẹ kí ó jẹ́ èyí tó pẹ́ jù lọ nínú àwọn àkókò wọ̀nyẹn. Àlàyé kékeré tí ìwé fi há inú àkámọ́ sọ pé AE0 nìkan, ìyẹn ẹ́ńjìnì kan ṣoṣo nínú ẹ̀rọ, ni wọ́n ti ń mú un. Ẹ̀rọ náà ní ẹ́ńjìnì púpọ̀. Nítorí náà ohun tó ń jẹ́ èyí tó pẹ́ jù nínú ẹ̀rọ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Bí ẹ́ńjìnì mìíràn bá há, ìlà yìí kò ní mọ̀. Ìwé ṣe òótọ́ pé ó sọ ọ́, ṣùgbọ́n inú ìwé ni ó ti sọ ọ́. Inú device_data tí alákòóso ń wò lóru nígbà tí nǹkan ti bàjẹ́, orúkọ nìkan ni ó wà, orúkọ náà sì ń sọ ju ohun tí ó mọ̀ lọ.

pci_trans_cnt ṣe irú rẹ̀. Ìwé ṣàlàyé rẹ̀ pé àwọn ìdúnàádúrà PCIe tí kò pé odindi ni ó ń kà. Orúkọ ti gé àìpé yẹn kúrò. Ẹni tí kò bá ka ìwé á rò pé gbogbo ìdúnàádúrà ni. A mọ̀ pé orúkọ ní láti kúrú. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ gé orúkọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ó ń pààlà ìtumọ̀ ni ó yẹ kí ọ̀bẹ kọ́kọ́ bà. Nínú rd_lat_acc_avg ni wọ́n ti fi ohun tí ó yẹ kí wọ́n yọ sílẹ̀: acc dúró fún àkójọ. Ẹ̀rọ ń kó àkókò ìdúró jọ, driver sì ń fi iye ìgbà pín in kí ó tó gbé ìpíndọ́gba jáde. Acc jẹ́ ìtàn bí wọ́n ṣe sè é, a kò sì nílò ìtàn sísè kí a tó jẹun. Nínú ìwé tí ọ̀rọ̀ accelerator kún inú rẹ̀, kí ni ẹ rò pé òǹkàwé máa rò pé acc túmọ̀ sí?

Mo fi èyí tó le jù fún mi sí ìkẹyìn àwọn orúkọ: bw_in àti bw_out. Ìwé fi kíkọ PCIe ṣàlàyé in, ó sì fi kíkà ṣàlàyé out. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ka nǹkan kan nípa atọ́ka ipò mọ̀ pé wọlé àti jáde kò nítumọ̀ títí a ó fi mọ ilé ẹni tí à ń sọ. Bí mo bá dúró sínú ilé tí mo ní kí o wọlé, ọ̀dọ̀ mi ni o ń bọ̀. Bí mo bá wà níta, o ń kúrò lọ́dọ̀ mi. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ amúṣẹ́yá ni ó ń kọ, dátà ń jáde kúrò lára rẹ̀, ó ń wọ mẹ́mọ́rì kọ̀ǹpútà. Á jẹ́ pé ilé tí a fi ń sọ̀rọ̀ ni kọ̀ǹpútà. Bí ó bá jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ni ó ń kọ, ilé ti yí padà. Fáìlì náà ń jẹ́ device_data, gbogbo orúkọ yòókù inú rẹ̀ sì dúró lójú ẹ̀rọ. Èyí ń fa òǹkàwé láti rò pé in túmọ̀ sí sínú ẹ̀rọ. Kíkọ àti kíkà kò sì yanjú rẹ̀, nítorí àwọn náà ń fẹ́ olùṣe. Ta ni ó ń kọ? Ọ̀rọ̀ orúkọ tí a fà yọ lára ọ̀rọ̀ ìṣe ti gbé olùṣe mì. Nínú ẹ̀rọ tí ń fún dátà pọ̀, èyí kì í ṣe nǹkan kékeré: ohun tó wọlé máa ń pọ̀ ju ohun tó jáde lọ, ẹni tó bá yí wọn po á rò pé ìfúnpọ̀ ń sọ dátà di ńlá.

Ọ̀rọ̀ àkókò kò ní gba ojú ìwé púpọ̀, nítorí níbẹ̀ ìwé ṣe dáadáa. Ìlà àkọ́kọ́, sample_cnt, sọ ẹ̀ẹ̀melòó tí driver ti gba ìròyìn lọ́dọ̀ ẹ̀rọ, ìwé sì sọ kedere pé ní gbogbo 1000 ms ni. Ẹni tó bá ka fáìlì lẹ́ẹ̀mejì tí sample_cnt kò yí padà mọ̀ pé ìròyìn àná ni òun tún kà. Ó tún ṣeé ṣe láti kọ 2, 3 tàbí 4 sínú control, kí ìpíndọ́gba lè kó ìgbà púpọ̀ pọ̀. Ohun tí kò sọ ni ohun tí èyí ń fi pamọ́. Bí ẹ̀ka kan bá ṣiṣẹ́ àṣekára fún 100 ms tí ó sì sinmi fún 900 tó kù, 10 nínú ọgọ́rùn-ún ni ìṣirò yóò fún wa. Bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta tó tẹ̀ lé e bá ṣófo tí a sì ti kọ 4, á di 2.5. Ọ̀rọ̀ ojú ìwòye ni fún wa: ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tí ó sì parí ti di ipò tí ó ń bá a lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Bí ẹ̀rọ kan kò bá ní ẹ̀ka kan, ìlà ẹ̀ka náà kì í jáde rárá. Wọn kì í fi òdo síbẹ̀. Mo gbà pẹ̀lú wọn. Kò sí àti òdo kì í ṣe ọ̀kan náà: ẹni tí kò ní oko yàtọ̀ sí ẹni tí oko rẹ̀ kò so ní ọdún yìí.

Ó ku ọ̀rọ̀ ibi tí wọ́n gbé ìròyìn náà sí. Inú debugfs ni. Debugfs ni ibi tí àwọn olùkọ́ kernel ń kó nǹkan sí láti fi wá àṣìṣe, a sì máa ń tì í pa fún ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe root. Àpò tí ìwé rẹ̀ wà, ABI, jẹ́ ti àdéhùn láàárín kernel àti àwọn tó ń lò ó. Debugfs ní tirẹ̀ jẹ́ ibi tí a kò ti ṣe àdéhùn. Ẹ̀rọ amúṣẹ́yá mìíràn láti Intel, DSA, gba ọ̀nà perf láti kernel 5.13 ní ọdún 2021, a sì mọ èrè rẹ̀: láti kernel 5.8 ni àṣẹ kan ti wà tó ń jẹ́ CAP_PERFMON, tí a lè fún ẹni tó ń wọn iṣẹ́ láìsọ ọ́ di ọba lórí gbogbo kọ̀ǹpútà. Perf tún ń jẹ́wọ́ bí kò bá wo nǹkan kan tán: ó ń sọ iye àkókò tí òǹkà fi wà ní títàn àti iye tí ó fi ń kà gan-an. Ní ti QAT, ìlà iṣẹ́ mẹ́rin péré, A títí dé D, ni a lè wò lẹ́ẹ̀kan náà, alákòóso ni ó sì máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ yàn wọ́n.

Síbẹ̀ n kò lè sọ pé kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ lọ sínú perf. Lọ́dọ̀ DSA, ẹni tó fẹ́ wọn nǹkan ní láti kọ event=0x1,event_category=0x1, kí ó sì máa wá ìtumọ̀ wọn kiri nínú ìwé mìíràn. Ibẹ̀ kò sí orúkọ tí a lè ṣe àríwísí sí rárá. Mo fara mọ́ max_gp_lat tí ó ń purọ́ díẹ̀ ju 0x1 tí kò sọ nǹkan kan lọ, nítorí a lè bá opùrọ́ jiyàn. Àti pé ìdá nínú ọgọ́rùn-ún àti ìpíndọ́gba kò rọrùn láti gbé sórí ètò tí a kọ́ fún iye tí ń pọ̀ sí i.

Fún àwọn tí ó ń túmọ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí Yorùbá, mo dábàá pé kí a má fi òǹkà nìkan túmọ̀ counter. Kí a lo òǹkà fún exec àti cnt, ìwọ̀n fún lat àti bw, ìdá fún util, kí àkọlé fáìlì sì jẹ́ ìròyìn ẹ̀rọ. max_gp_lat á di ìdúró tó pẹ́ jù ní AE0, kí ẹ́ńjìnì náà wà lára orúkọ. pci_trans_cnt á gba àìpé rẹ̀ padà. Èyí tó ń jẹ́ ath, ìjẹ́rìísí ni mo kọ, olùkọ́ kan nínú ẹ̀ka wa sì fẹ́ ìfìdímúlẹ̀. A kò tíì parí ìjiyàn náà. Níwájú bw_in, àlàfo ni mo fi sílẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ mi, nítorí Yorùbá kò gbà kí n kọ wọlé láì sọ ilé ta ni.